Bí A Ṣe Ń Mú Ọmọdébìnrin Wọ Agbo Ijó Aṣọ Ṣaworo Àwọn Anishinaabe

Aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọmọ lójú, òun gan-an ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá rí ijó aṣọ ṣaworo ní powwow, ìyẹn àpéjọ ijó àti ìlù àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà (àwọn ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé), tí ọmọ náà sì fárígá pé òun fẹ́ jó o, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń sáré lọ láti ra aṣọ. Aṣọ á dé, ọmọ á wọ̀ ọ́, á wá dúró bí òpó láàrin agbo, torí pé etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìlù yé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì mọ ohun tí yóò ṣe. Etí la ó kọ́kọ́ kọ́, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e, ká tó kan abẹ́rẹ́ àti òwú.

Anishinaabe ni orúkọ tí àwọn Ojibwe, Odawa, Potawatomi àti àwọn ìbátan wọn ń pe ara wọn. Ilẹ̀ wọn wà yí àwọn Adágún Ńlá ká, láti Ontario ní Kánádà títí dé Michigan, Wisconsin àti Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ziibaaska'iganagooday ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Ní tiwa, ṣaworo ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù: bí ṣaworo etí ìyáàlù ṣe ń dún nígbà tí onílù bá mi ìlù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn páànù kéékèèké ara aṣọ yìí ń dún nígbà tí obìnrin bá gbé ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ṣaworo tiwọn kò yí róbótó. Ó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo, ó tinrín lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọmọ bí ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá la ní lọ́kàn níbí. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé tí ìyá ti jẹ́ Ojibwe tí bàbá jẹ́ Yorùbá, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ẹbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè wá. Ọ̀nà méjèèjì kò rí bákan náà, a ó sọ ibi tí wọ́n ti pínyà.

Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀

Ijó ìwòsàn ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní gbólóhùn kan tí ọmọdé lè gbé dání: wọ́n ń jó o kí ara ẹni tó ń ṣàìsàn lè yá.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó jà káàkiri ayé ní 1918 àti 1919, ọmọbìnrin kan dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá rẹ̀ lá àlá, ó rí aṣọ náà, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń jó o. Wọ́n rán aṣọ, wọ́n fi wọ ọmọ, ìlù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò lè dá rìn bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi mókun. Ibi méjì ló ní ìtàn yìí: Mille Lacs ní Minnesota, àti Whitefish Bay ní Ontario, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Naotkamegwanning, níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ Maggie White gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà. Ẹ má ṣe dá ẹjọ́ ibẹ̀ fún ọmọ. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe mọ̀ ọ́n. (Àrùn yìí kan náà ló mú kí àwọn aládùúrà bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, lórí àlá àti ìran. Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ aládùúrà á tètè mọ ohun tí à ń sọ.)

Bí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́jọ, ó tó gbọ́ ìyókù: pé ní 1883 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de irú ijó báyìí, pé ní Kánádà ó di 1951 kí òfin tó jọ ọ́ tó kúrò nílẹ̀, àti pé àárín àkókò náà gan-an ni àwọn obìnrin ń rán aṣọ ṣaworo. Ọmọ tó bá mọ èyí kì í fi ijó náà ṣeré.

Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín

Fídíò kò lè kọ́ ọmọ ní ijó yìí tán. Ẹ wá obìnrin kan tó ń jó o, tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ sí ẹni tó ń jó o. Ilé ìpàdé àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìlú ńlá, bíi Minneapolis American Indian Center, jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni powwow: kí ẹ dúró títí orin yóò fi tán, kí obìnrin náà jókòó, kó mu omi, kí ẹ tó lọ kí i.

Tábà ni wọ́n fi ń tọrọ nǹkan. Asemaa ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ dì í sínú aṣọ kékeré tàbí àpò, kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé e dání. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ wá tọrọ, kí ẹ tó na tábà náà sí i. Bí ó bá gbà á lọ́wọ́ yín, ó ti gba ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn ti tábà síni lọ́wọ́ kó tó ṣàlàyé: ẹ ti há a mọ́ ibi tí kò ti lè sọ pé rárá. Bí ó bá sì lọ́ra, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. “Miigwech” ni ọ̀rọ̀ ọpẹ́ wọn. Àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀, àǹtí tàbí ìyá àgbà ni àwọn ọmọdé ń pè wọ́n, kódà tí wọn kò bá bá wọn tan. Ìyẹn kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá.

Ẹ má béèrè iye tí ẹ máa san. Ẹ̀bùn ni wọ́n ń fún olùkọ́: kúbùsù tó dára, oúnjẹ, owó epo mọ́tò tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jìn sí i.

Bí ọmọ kò bá jẹ́ ti ìran náà, ibí ni ọ̀nà ti pínyà. Ní ọ̀pọ̀ powwow ni wọ́n ń kọ orin tí gbogbo ènìyàn lè wọlé jó, tí atọ́kùn á kéde rẹ̀, yálà ẹ jẹ́ ará ibẹ̀ tàbí àlejò. Ibẹ̀ ni kí ọmọ máa jó, nínú aṣọ rẹ̀ lásán, títí olùkọ́ yóò fi sọ fúnra rẹ̀ pé ẹ lè rán aṣọ ṣaworo. Ó lè tó ọdún kan, ó sì lè má ṣẹlẹ̀ rárá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Etí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ má kọ́ ẹsẹ̀ kankan. Ẹ gbé orin ìlù powwow sí i létí nínú mọ́tò, níbi ìfọṣọ, nígbà tí ẹ bá ń di irun rẹ̀. Ìlù ńlá kan ṣoṣo ni, tí àwọn olórin jókòó yí ká, tí gbogbo wọn ń lù ú pọ̀ bí ẹnì kan. Etí Yorùbá ti mọ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀, tí ohùn mẹ́rin-márùn-ún ń dá ara wọn lóhùn. Ìlù yìí kò bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ gbọnrangandan bí ọkàn ṣe ń lù, ohùn ẹnu àwọn olórin ló ń sọ ibi tí orin dé.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ọmọ lè fi etí mú kó tó bọ́ sí ẹsẹ̀. Èkíní ni ìlù gan-an: kó máa pàtẹ́wọ́ lé e láìsáré, láìfà sẹ́yìn. Èkejì ni àwọn ìró líle tó máa ń jáde láàrin orin, nígbà tí wọ́n bá lu ìlù kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlù ìbọ̀wọ̀ ni a ó pè é níbí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tàbí abẹ̀bẹ̀ ti ń lọ sókè. Ẹ ní kí ọmọ gbé ọwọ́ sókè nígbàkígbà tó bá gbọ́ ọ, kó sì sọ ọ́ kalẹ̀ tó bá lọ. Bí eré ni ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ̀kẹta ni ìparí. Orin máa ń dá wáí, kì í rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ bí ìlù ìkẹyìn bá ti dún. Níbi ìdíje, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá ìlù ìkẹyìn ti pàdánù máàkì. Fún ọmọdé, eré “dúró bí ère” ló ń kọ́ ọ ní èyí kíákíá.

Ẹsẹ̀

Òfin kan ló ṣáájú gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ijó fífò. Nínú ijó ti àtijọ́, ẹsẹ̀ ń rìn mọ́ ilẹ̀ ni, kì í ga, kì í kọ́ ara wọn, obìnrin kì í fi ẹ̀yìn rìn, kì í sì í yí poo. Ijó ti òde òní ti gba ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, ìyípo àti abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ láàyè. Ti àtijọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ti òde òní bẹ̀rẹ̀ máa ń sọ ijó náà di ìdárayá, ó sì máa ń ṣòro láti fà á padà.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró, kí ẹsẹ̀ jìnnà sí ara wọn bí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí orúnkún rọ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà ní ìbàdí. Kó tẹ orúnkún díẹ̀ lé ìlù kọ̀ọ̀kan láìkúrò lójú kan. Orin méjì gbáko lẹ ó fi ṣe ìyẹn nìkan. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú díẹ̀, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lórí ìlù kan, kó sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ lórí ìlù kejì. Òsì ń ṣe bákan náà. Ìgbésẹ̀ kan kò gbọdọ̀ gùn ju àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá gùn jù, ara á máa mì síwá-sẹ́yìn, ṣaworo á sì máa dún jálajàla dípò kó máa dún pọ̀.

Ìgbésẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ṣòro, òun ló sì lẹ́wà jù. Ọmọ á kọjú sí àárín agbo, ẹsẹ̀ méjèèjì á sún mọ́ ara wọn. Kó gbé ara lé gìgísẹ̀, kó yí orí ẹsẹ̀ méjèèjì sí òsì. Kó wá gbé ara lé orí ẹsẹ̀, kó yí gìgísẹ̀ méjèèjì sí òsì. Orí ẹsẹ̀, gìgísẹ̀, orí ẹsẹ̀, gìgísẹ̀, ìlù kan sí ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ òsì? Lọ́pọ̀ ibi, bí oòrùn ṣe ń yí ni agbo ń yí. Ẹni tó bá kọjú sí àárín, apá òsì rẹ̀ ni iwájú wà. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo, ẹ wo bí àwọn tó wà nílẹ̀ ṣe ń lọ.

Ẹ lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ ilẹ̀ ilé ìdáná ní ìlà kan gígùn, kí ọmọ yọ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Lórí táìlì, ó rọrùn. Lórí koríko, ó le ní ìlọ́po méjì torí pé koríko ń di àtẹ́lẹsẹ̀ mú, orí koríko ni ọ̀pọ̀ powwow sì wà. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé, ẹ gbé e jáde.

Ọmọ tó ti ń jó dùndún tàbí bàtà nílé ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ìlù bá ti ta sí i létí, á tẹ̀ síwájú, ìdí á máa lọ, èjìká á máa jà. Kò burú, ijó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ijó yìí. Níbí, ara òkè dúró ṣinṣin, àgbọ̀n gbé sókè díẹ̀, gbogbo iṣẹ́ wà láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Ẹ gbé ìwé fẹ́lẹ́ kan lé e lórí nígbà ìdánrawò: bí ìwé bá bọ́, èjìká ló ṣe é.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó, orin méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹ bá mú jó fún ààbọ̀ wákàtí, iṣan ojúgun á máa ro ó, lọ́jọ́ kejì á ní òun kò jó mọ́.

Ṣaworo

Ìdérí agolo aṣáà ni wọ́n fi ń ṣe é láti àárọ̀ ọjọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń ra èyí tí wọ́n ti ká sílẹ̀ lónìí. Fún àgbàlagbà, iye tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni 365, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, tí wọ́n ń gba àdúrà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń rán an mọ́ aṣọ. Ẹ má gbé 365 lé ọmọ lọ́rùn. Bí 60 sí 100 ti tó fún ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, 100 sí 200 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó rà. Ká ní ìgbátí ìsàlẹ̀ aṣọ ọmọ ọdún mẹ́fà jẹ́ 48 ínṣì yípo, tí ṣaworo sì jẹ́ ọ̀kan lórí ínṣì kọ̀ọ̀kan: 48. Ìlà kejì lókè rẹ̀, 44. Ìlà àyà àti ẹ̀yìn, 26. Etí apá méjèèjì, mẹ́wàá-mẹ́wàá, 20. Gbogbo rẹ̀ di 138. Ẹ ra 150, torí díẹ̀ á bọ́ sọnù, díẹ̀ á sì wó.

Ìwọ̀n tó bá ọmọdé mu jẹ́ ínṣì kan àtààbọ̀ sí ínṣì méjì ní gígùn. Bí ẹ bá fẹ́ ká a fúnra yín, ẹ gé etí ìdérí náà kúrò, ẹ gé páànù tó kù bí abẹ̀bẹ̀: òkè rẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ínṣì méjì. Ẹ fi ayùn-irin kékeré ra gbogbo etí rẹ̀ kó tó kan ọwọ́ ọmọ, torí etí páànù yìí mú bí abẹ. Ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu róbótó dì í mú ní etí kan, ẹ máa ká a díẹ̀díẹ̀ títí etí kejì yóò fi bá a. Kí etí méjèèjì kàn sún mọ́ ara wọn ni, kí wọ́n má gun orí ara wọn. Bí wọ́n bá gun orí ara wọn, páànù di méjì níbẹ̀, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹ mú méjì, ẹ kàn wọ́n mọ́ra létí yín. Èyí tó dára á ní ohùn tó mọ́; èyí tó ń dún bí ìgbà tí a ju owó ẹyọ sórí aṣọ, ẹ tún un ká.

Gígé àti kíká jẹ́ iṣẹ́ àgbà. Fífi ríbọ́ọ̀nù sí i jẹ́ ti ọmọ. Ẹ gé ríbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ sí ínṣì mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọmọ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó ti ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ òkè ṣaworo títí yóò fi wọlé bí ìdajì ínṣì, kí ẹ sì fi ẹ̀mú fún un pa. Ẹ fà á wò. Bí ó bá yọ báyìí, á yọ nínú agbo, ọmọ mìíràn á sì tẹ̀ ẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gba àdúrà, wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọmọ: orúkọ ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá, ṣaworo kan fún un. Ẹ má kánjú níbí. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún lálẹ́ kan ni ọmọ lè ṣe, márùn-ún náà ni.

Aṣọ gan-an

Aṣọ òwú tó le díẹ̀ ló dára jù fún ọmọ. Sátínì ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, ó ń mú ooru, òwú sì ń já nínú rẹ̀ níbi tí ṣaworo bá ti ń fà á. Yáàdì méjì àtààbọ̀ tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Kó fẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, kí apá rẹ̀ fẹ̀ tí ọwọ́ fi lè gòkè láìgbé gbogbo aṣọ sókè, kí gígùn rẹ̀ dé àárín ojúgun. Bí ó bá dé ọrùn ẹsẹ̀, ọmọ á tẹ̀ ẹ́ nígbà ìgbésẹ̀ ẹ̀gbẹ́, á ṣubú.

Èjìká ló ń ru gbogbo ẹrù. Ẹ fi aṣọ méjì ṣe ibẹ̀, láti ọrùn dé abẹ́ apá, níwájú àti lẹ́yìn. Aṣọ tí ẹ kò bá tì lẹ́yìn níbẹ̀ á fà wálẹ̀ láàrin ọjọ́ kan, ọrùn rẹ̀ á ya.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé, tí wọ́n á sì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀: ẹ má rán ṣaworo mọ́ aṣọ ní tààrà. Ẹ rán an mọ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ rán ọ̀já náà mọ́ aṣọ pẹ̀lú ìrán gígùn tó rọrùn láti tú. Ọmọ ń dàgbà. Ọ̀já á kúrò lára aṣọ ti èṣí bọ́ sára tuntun láàrin ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ ṣẹ́ ínṣì mẹ́ta po sínú ìgbátí ìsàlẹ̀, ẹ fi ínṣì kan-kan sílẹ̀ níbi ojú rírán ẹ̀gbẹ́.

Àlàfo ló ń pinnu ohùn. Láti àárín ṣaworo kan sí àárín èkejì, kó má ju ínṣì kan lọ. Fún èyí tó kéré, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì. Bí wọ́n bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní kan ara wọn, aṣọ á wà bí odi. Bí wọ́n bá fún mọ́ra jù, wọ́n á lọ́ mọ́ ara wọn. Ríbọ́ọ̀nù tó wà láàrin ọ̀já àti orí ṣaworo kò gbọdọ̀ ju ìdajì ínṣì lọ: tó bá gùn jù, á kọ́ra, tó bá kúrú jù, ṣaworo á lẹ̀ mọ́ aṣọ, kò ní mì. Ẹ rán mẹ́wàá péré ná, ẹ gbé ọ̀já náà sókè, ẹ mì í, ẹ gbọ́. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ìlà ṣaworo kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọ ń jókòó lé. Lẹ́yìn wákàtí kan lórí àga, gbogbo rẹ̀ á ti wó pẹlẹbẹ.

Àwọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ọmọ àti olùkọ́. Àwọn mìíràn lá àlá rẹ̀, àwọn mìíràn ń gbà á lọ́dọ̀ àgbà. Ẹ̀yin ìyá tó fẹ́ràn òkúta dídán, ẹ ní sùúrù.

Ohun tó kù kò pọ̀: ìgbànú, bàtà awọ tí wọ́n ń pè ní makizinan, aṣọ ojúgun, àti irun tí a dì sí méjì. Bàtà ni kí ẹ náwó lé, torí bàtà rọ́bà tó nípọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀. Ní ti ìyẹ́ ẹyẹ idì, ẹ má rà á, ẹ má ṣà á nílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1940 ń dáàbò bo ẹyẹ idì. Àwọn ọmọ ẹ̀yà tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀ ló lè ní in, lábẹ́ òfin, àgbà ló sì ń fún ọmọ. Abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ tòlótòló tó fún ọmọdé, ijó àtijọ́ kò sì fi dandan lé abẹ̀bẹ̀.

Aṣọ ijó ni kí ẹ máa pè é. Ẹ má pè é ní aṣọ eré. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun àwọn tó ni ín.

Ọjọ́ tí yóò wọ agbo

Kí ọmọ ti wọ aṣọ náà jó nílé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìwúwo rẹ̀ máa ń bá wọn lójijì, ohùn tí ara wọn fúnra rẹ̀ ń mú jáde sì máa ń da ìlù rú mọ́ wọn létí.

Ẹ tètè dé, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ibẹ̀ bá ń gba orúkọ. Lọ́pọ̀ ibi, ọmọ ọdún mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ wà ní ìsọ̀rí àwọn ọmọ kéékèèké, tí kò ní ìdíje, tí gbogbo wọn ń gba ẹ̀bùn kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìsọ̀rí àwọn ọmọbìnrin. Ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ agbo ń gbà wọlé. Ẹ má gba àárín agbo kọjá láti lọ bá ènìyàn. Nígbà ìwọlé ńlá, tí àsíá àti àwọn àgbà ń ṣáájú, gbogbo ènìyàn á dìde, àwọn ọkùnrin á sì ṣí fìlà. Ọmọ á tẹ̀ lé olùkọ́ rẹ̀ tàbí ọmọbìnrin tó dàgbà jù ú lọ, ẹ̀yin á sì dúró sí etí agbo pẹ̀lú omi, òwú, abẹ́rẹ́ àti píìnì mẹ́fà.

Ìdílé kan lè ṣe ayẹyẹ ìwọlé àkọ́kọ́ fún ọmọ: orin ọlá, ọmọ á jó yí agbo pẹ̀lú àwọn ẹbí lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ìdílé á pín kúbùsù, oúnjẹ àti nǹkan mìíràn. Olùkọ́, àwọn onílù àti àwọn àgbà ni kí ẹ rántí ṣáájú. Bí ẹ ṣe ń fi ike àti aṣọ ìnura ta àwọn àlejò lọ́rẹ níbi ìnáwó ló ṣe rí, àmọ́ níbí a kì í kọ orúkọ ara wa sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nọ́wó fún un. Ọmọ Yorùbá ń jó, ọwọ́ òbí ń yún láti lẹ owó mọ́ iwájú orí. Ẹ di ọwọ́ yín mú. Bí owó bá kàn, wọ́n á tẹ́ kúbùsù sílẹ̀, atọ́kùn á sì kéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá sọ owó sórí rẹ̀.

Nígbà orin ìwòsàn, ẹ dìde, ẹ fi fóònù sápò. Atọ́kùn á sọ ìgbà tí fọ́tò kò sí. Ẹnì kan sì lè wá fi tábà bá ọmọ pé kó jó fún ìyá òun tó wà ní ọsibítù. Ẹ ti kọ́ ọ ṣáájú pé olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ yíjú sí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n á jọ jó o. Ẹ má fi ẹrù ìlera ẹnikẹ́ni lé ọmọdé lọ́kàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jó dáadáa, kó sì ro ẹni náà.

Bí ìyẹ́ idì bá bọ́ nílẹ̀, lára rẹ̀ tàbí lára ẹlòmíràn, kó má fọwọ́ kàn án. Kó dúró tì í, kó jẹ́ kí ẹni tó ń darí agbo rí i. Ó ní àwọn tó ń gbé e, pẹ̀lú orin tirẹ̀. Bí ṣaworo bá bọ́, ìyẹn kò ní ẹjọ́: àgbà á ṣà á lẹ́yìn orin.

Bí ọmọ bá dúró gbagidi láàrin agbo tó ń sunkún, kí olùkọ́ mú un lọ́wọ́ jó dé ẹnu ọ̀nà, kó sì jáde. Orin kejì, á tún wọlé. Kí ẹ̀yin má sáré wọlé pẹ̀lú bàtà àti báàgì.

Bí ó bá ti ń sún mọ́ ọdún ìbàlágà, ẹ̀kọ́ wà nípa nǹkan oṣù àti agbo, tí ó yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Àǹtí tàbí ìyá àgbà ibẹ̀ ni kó sọ ọ́ fún un, kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ijó

Ẹ má gbé aṣọ náà kọ́. Ìwúwo ṣaworo á fa èjìká rẹ̀ gùn láàrin oṣù kan. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ fi aṣọ òwú bo ìlà ṣaworo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa họ ara wọn, ẹ ká a ní pẹlẹbẹ sínú àpótí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kò gbọdọ̀ rí i. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ tú àwọn ọ̀já kúrò, ẹ fi ọwọ́ fọ aṣọ, ẹ nu ṣaworo pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Páànù tí omi bá wọ̀ nínú á dípẹtà láti ibi tí ríbọ́ọ̀nù wà, ẹ kò sì ní rí i títí yóò fi já.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, kí powwow tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. Bí ìgbátí bá ti gòkè dé abẹ́ orúnkún, ẹ tú ínṣì kan sílẹ̀ nínú èyí tí ẹ ti ṣẹ́ po. Bí èjìká bá ti fún, aṣọ tuntun ló kàn, ọ̀já àtijọ́ á sì bọ́ sórí rẹ̀, ẹ ó wá fi ìlà kan kún un fún ọdún tó ti fi dàgbà.